Ayaba Tí Aránṣọ Kò Jẹ

Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀ nígbà tó wọ yàrá tí wọ́n ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Káfíńtà ni. Ó na ọwọ́ sí aránṣọ tó jókòó sídìí àwọn ọmọ ayò dúdú, nítorí bí wọ́n ṣe ń ta á nìyẹn: ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, ẹ ta, ẹ tún bọ ara yín lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ le bíi pákó tí wọn ò tíì fá. Aránṣọ gbé ìmọ̀lára ọwọ́ náà délé.

Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Kò pẹ́ tí aránṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú ta, kí wọ́n lè tètè tún bọ ara wọn lọ́wọ́.

Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ láyò, rí i. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ? Bó o bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò kan, o ò lè yí i padà mọ́. Òfin ni.”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, bàbá.”

Ní Sátidé kan, káfíńtà gbé ayaba rẹ̀, ọmọ ayò tó lágbára jù, sí ibi tí ẹṣin aránṣọ ti lè jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. “Jẹ ẹ́, olólùfẹ́. Ẹ̀bùn ni.”

Aránṣọ dìde. “Ṣé ọmọdé ni mí? Bó o bá lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n borí, tó o sì tàn mí nídìí ayò, irọ́ wo lo ò ní pa fún mi nínú ilé?”

Kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní ẹlẹ́tàn ò yẹ lọ́kọ.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń ránṣọ, á dá ẹ̀rọ dúró, á máa wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ dáradára tí àwọn kan ń pe nǹkan yẹn. Ó ń dùn ún ni. Káfíńtà náà ń fá pákó kan lọ́dọ̀ tirẹ̀ títí ó fi bàjẹ́.

Ìdíje ló tún dà wọ́n pọ̀. Wọ́n bọwọ́. Káfíńtà ló mú funfun. Ó ti ọmọ ogun iwájú ọba síwájú, ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Aránṣọ ń ṣọ́ ọ. Bó bá tún fún un lẹ́bùn, ó parí nìyẹn.

Kò fún un ní nǹkan kan. Ó jẹ ẹṣin rẹ̀ méjèèjì, ó lé ọba rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Inú aránṣọ ń dùn bí ẹni tí wọ́n ń kẹ́. Ó wá ti ayaba tirẹ̀ síwájú. Káfíńtà sáré jẹ ẹ́, kò rí ọmọ ogun dúdú tó ti dé ẹ̀gbẹ́ ọba rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ogun náà há ọba rẹ̀ mọ́, ó da ọba funfun dùbúlẹ̀, àmì pé ó ti gbà. Dúdú ló borí.

“Ẹ̀bùn tèmi nìyẹn,” aránṣọ wí. “Àbí o mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n pa ọ́ ni?”

“Mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀? Wo ẹ̀wù mi, òógùn ti rin ín!”

Bàbá aránṣọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. “Kò purọ́ lónìí.”

Aránṣọ na ọwọ́. Káfíńtà dì í mú, kò fi í sílẹ̀.

“O mọ òfin o,” aránṣọ wí.

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fọwọ́ kàn án. Mi ò yí i padà.”

Bàbá wúkọ́. “Ẹ dìde, àwọn kan ń dúró de tábìlì.”

Wọ́n dìde. Ọwọ́ wọn ò tú.