Ọkùnrin Tó Ń Bọ́ Ẹ̀fọn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ rán apá ẹ̀wù.

"Ẹ̀wù náà ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kò sí ẹ̀wù. Apá nìkan ni. Mẹ́wàá."

Mo wo apá tiẹ̀ alára. Méjì náà ni. Mo ti ń ránṣọ tipẹ́, mo sì ti rí oríṣiríṣi oníbàárà, ṣùgbọ́n tèyí tún yàtọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò bínú. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa ibà lòun ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀fọn lòun sì ń sìn níbẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe ni wọ́n ń gbé. Apá ẹ̀wù ni wọ́n máa ń rán mọ́ ẹnu àpótí náà, kéèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀fọn ráyè sá jáde.

"Àwọn èèyàn ń sin adìẹ," mo ní, "ẹ̀yin ń sin ẹ̀fọn. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Adìẹ ò kó ibà ran ẹnikẹ́ni," ló fèsì.

Ohùn rẹ̀ tutù, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn ún wò. Mo pinnu pé màá fi ẹwà kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹwà yẹn ló kó bá wa. Kí n lè fi hàn pé mo mọṣẹ́, mo la ihò bọ́tìnnì sétí apá kọ̀ọ̀kan, mo sì rán bọ́tìnnì tó ń dán mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ojú rẹ̀ wú, etí rẹ̀ pọ́n.

"Aránṣọ, bọ́tìnnì yín rẹwà," ó ní. "Àwọn ẹ̀fọn ní kí n bá àwọn kí yín. Ibi ihò rẹ̀ ni wọ́n gbà jáde."

Ẹ̀rín pa mí, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi rọ́bà sí i lẹ́nu. Síbẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí apá kan kì í ya. Aránṣọ wo ni ò ní mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì ti gé aṣọ?

"Ìwọ fúnra ẹ lò ń gé e," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Kí ni kí n ṣe? Ojú ń tì mí láti máa wá lọ́wọ́ òfo."

"Ó dáa. Máa wá lọ́wọ́ òfo."

Bá a ṣe di olólùfẹ́ nìyẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Èmi nìkan ni Màmá ní, mo sì mọ̀ pé bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìgbéyàwó. Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì nígbà tí ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè láti fọ ọwọ́. Màmá rí àmì pupa tó kún apá òsì rẹ̀.

"Ọmọ mi, àìsàn wo nìyẹn?"

Mò ń ṣẹ́jú sí i pé kó purọ́. Olóòótọ́ èèyàn ò tiẹ̀ wò mí.

"Kì í ṣe àìsàn, mà. Ẹ̀jẹ̀ mi ni mo fi ń bọ́ àwọn ẹ̀fọn tí mò ń sìn. Ara wọn mọ́, wọn ò fẹnu kan aláìsàn rí."

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọn ò pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí.

"Ibà ló pa ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí," ni wọ́n wí. "Látọjọ́ náà ni mo ti ń pa ẹ̀fọn. Ìwọ wá ń fún wọn lóúnjẹ. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti kú, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ rí pé ibà ni. Omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní ká fẹ́ra wa bẹ́ẹ̀. Ó mi orí.

"Ayọ̀ mi, mi ò lè fẹ́ ọ láìjẹ́ pé ìyá rẹ fọwọ́ sí i."

Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọkàn mi bà jẹ́, mo wá ń rán aṣọ aláṣọ ní òdì. Màmá ń wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wọ bàtà.

"Mú mi lọ síbi tó ti ń sìn wọ́n. Ọ̀tá tí mo bá fojú ara mi rí ló tẹ́ mi lọ́rùn."

Yàrá náà gbóná, aṣọ ìnura tútù ni wọ́n fi bo àwọn àpótí. Ó tẹrí ba kí Màmá, kò sì wí àwíjàre kankan. Ó kó ẹ̀fọn sínú ìgò gbọọrọ méjì. Ó fi ègé àwọ̀n apẹ̀fọn àtijọ́ sínú ọ̀kan, ó fi ègé àwọ̀n tuntun tí wọ́n ń dán wò sínú èkejì. A dúró. Àwọn ti ìgò àkọ́kọ́ ń fò kiri bí ẹni tó wà lóde àríyá. Àwọn ti èkejì ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ wọn sókè.

"Oògùn ara àwọ̀n àtijọ́ ò tu irun kan lára wọn mọ́," ó ní. "Èyí tó máa ṣiṣẹ́ là ń wá. Tí n ò bá bọ́ wọn, mà, ebi ló máa pa wọ́n, àwa á wá máa yọ̀ pé àwọ̀n ló pa wọ́n. Àá kó àwọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ fún àwọn abiyamọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ́ wọn yó."

Màmá sún mọ́ ìgò kejì. Wọ́n wò ó títí omi fi lé ròrò sí wọn lójú. Mo fẹ́ dì wọ́n mú. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, ẹ̀fọn kan tó ti sá jáde bà lé ọkùnrin náà níwájú orí.

Pàá! Ọwọ́ Màmá ti balẹ̀ níbẹ̀.

Ó dúró gbagidi, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àpótí mú. Wọ́n wá fi etí aṣọ wọn nu iwájú orí rẹ̀, bí ìyá ṣe ń nu ojú ọmọ.

"Gbọ́, ọmọ mi. Èyí tó bá wà nínú àpótí, tìrẹ ni. Èyí tó bá jáde, tèmi ni."

"Mo gbà, mà."

"Sọ fún àwọn òbí rẹ pé mò ń retí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Kí ìwọ náà bá wọn wá." Wọ́n nawọ́ sí àwọn àpótí. "Àwọn ìyókù ẹbí rẹ wọ̀nyí ni kó o fi sílé."

Mo dì mọ́ ọn níbẹ̀, lójú ìyá mi, ojú ò sì tì mí rárá.