Irọ́ Tí Eleuterio Pa fún Dókítà

Ní ọjà irun àgùntàn ní ìlú Juliaca, bí o bá gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ìlú, Eleuterio Huarachi ni. Kì í bẹ ènìyàn, kì í bẹ Ọlọ́run.

Lọ́dún kan, omi gbé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ tòun ti irun àgùntàn inú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti di aláìní. Ìgbà náà gan-an ni òkúta dí ọ̀nà òróòro Nicolasa, aya rẹ̀, ojú obìnrin náà sì pọ́n rúsúrúsú.

Dókítà Paredes ní iṣẹ́ abẹ ló kàn. Ó rọra bi Eleuterio pé, “Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé agbára yín á ká owó rẹ̀? Bí kò bá ká a, ẹ sọ fún mi.”

Eleuterio, tó ti wọ kóòtù ìgbéyàwó kí wọ́n má baà fojú di í, bú sẹ́rìn-ín. “Èmi kẹ̀? Ẹ ṣáà dá ọjọ́!”

Ọjọ́ pé, ó ní ikọ́ ń ṣe ìyàwó òun. Wọ́n dá òmíràn, ó ní òun rìnrìn àjò. Nicolasa ń rù lọ.

Saturnino, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì, tó sì jẹ́ onígbàgbọ́, wá kí wọn, ó sì fura pé owó ló ń dá a dúró. “Lọ sọ fún dókítà pé o ò ní.”

“Kí àwọn ará àdúgbò wá máa dín adìẹ tà láti fi wówó fún mi? Èmi Huarachi? Ikú yá ju ẹ̀sín!”

“Ikú ta ni? Tìẹ ni, àbí ti Nicolasa?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Saturnino ní, “Jésù náà ti ń bi ọ́ láti ọjọ́ yìí bóyá o ní ohun tí o fi máa san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ẹ̀rín lo fi ń dá A lóhùn.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Nicolasa kò dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Eleuterio gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì wó lulẹ̀ lẹ́bàá àga. Ẹ̀rù bà á dé egungun. “Jésù, irọ́ ni gbogbo ayé mi. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, mi ò ní nǹkan kan. Gbà mí!”

Ó dìde, ó lọ bá dókítà. “Mo parọ́ fún yín, sà. Mi ò lówó.”

“Háà, Bàbá! Ojoojúmọ́ là ń ṣètò fún ẹni tí kò ní! Kí lẹ wá ń dúró dè?” Dókítà ti ń sáré lọ bá aláìsàn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Nicolasa kò kú. Dókítà ní ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, ẹ̀pa kì bá tí bóró mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ọkàn rẹ ń ṣàìsàn, síbẹ̀ o ń sọ fún Ọlọ́run pé kò sí wàhálà. Kristi ti fi ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ san gbogbo gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ òtítọ́ fún Un. Má ṣe dá ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ kan ṣì kù fún Eleuterio. Ta ló sọ fún ọ pé ó kù fún ìwọ?