Igi Màmá Àgbà Nínú Àwo Pẹlẹbẹ

"Bí mo bá tutọ́ sára òpó iná báyìí, kílẹ̀ tó mọ́, á ti yọ ewé!"

Ohun tí mo wí ní kíláàsì nìyẹn, láìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí àga fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ kíláàsì wa kan tí à ń pè ní Ẹnu-Abẹ, tí kì í gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, fò dìde.

"Igi kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ẹ ńkọ́? Tó bá yọ òdòdó di Sátidé, màá máa gbé báàgì ẹ títí a ó fi ṣèdánwò àṣejáde."

"Lọ máa na èjìká ẹ!" ni mo fi dá a lóhùn.

Bogafílíà ni igi náà, ẹlẹ́gùn-ún tí òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Bàbá àgbà mi ló gbìn ín síwájú ilé kí wọ́n tó kú. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fẹ ilé ìdáná sí i, wọ́n hú u. Màmá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn jókòó sójú fèrèsé, wọ́n ń wo ihò ilẹ̀. Omijé ọjọ́ náà á kún kànga méjì. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà ló gba kùkùté náà là. Wọ́n rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, wọ́n gbìn ín sínú àwo pẹlẹbẹ pẹ̀lú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, kó lè di igi kékeré tí yóò máa wà lórí tábìlì Màmá.

"Gbé e síbòji," ni wọ́n wí fún mi. "Bomi rin ín díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù méjì gbáko, o ò gbọdọ̀ fà á o! Gbòǹgbò ẹ̀ ò fẹ́ ìyọlẹ́nu."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Ọkàn tèmi gan-an ni ò balẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń hú u wò bóyá gbòǹgbò ti yọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí funfun kan tín-ín-rín bí òwú. Inú mi dùn, mo tún fà á: ó já. Àwọn ojú ewé tó ti fẹ́ là náà bá di dúdú.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo já òdòdó lára igi aládùúgbò wa, mo fi góòmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kùkùté náà káàkiri.

Ní Sátidé, Ẹnu-Abẹ dé pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó wò ó, ó gbé báàgì ìwé mi kọ́ èjìká. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àkọ́kọ́ rèé tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́! Ariwo ẹ̀rín wa ló mú Màmá àgbà jáde. Wọ́n rí òdòdó, wọ́n gbàgbé ọ̀pá wọn sẹ́nu ọ̀nà.

"Igi ọkọ mi! Ṣé lóòótọ́ ni, ìyá mi?" ni wọ́n bi mí.

Òótọ́ fẹ́ jáde lẹ́nu mi, irọ́ tì í sẹ́yìn.

"Òótọ́ ni, Màmá! Òru àná ló yọ."

Wọ́n nawọ́ kàn án. Òdòdó kan lẹ̀ mọ́ wọn níka. Wọ́n di kùkùté náà mú, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sókè, láìsí gbòǹgbò kan nídìí rẹ̀. Ẹ̀rín wọn kú.

"Òkú lo wọṣọ fún yìí, ọmọ mi," ni wọ́n rọra wí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ká ní mo ní sùúrù, igi náà ì bá yè. Ká ní mo sọ òótọ́, inú Màmá kì bá tí bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Irọ́ a máa tanná, kì í so èso.

Ṣùgbọ́n n ò dúró rò ó nígbà náà. Mo fo ọgbà, mo sá débi pé òjìji mi ń pè mí lẹ́yìn pé kí n dákun dúró de òun.