Òṣùwọ̀n Adébùsọ́lá

Bàtà òjò méjì ni Tìmílẹ́hìn kọ́kọ́ rí, tí wọ́n nà sókè lẹ́nu ihò páìpù omi lẹ́yìn Moníyà, bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ gbé ènìyàn mì. Ó ju korobá oúnjẹ ẹja nù, ó gbá ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó fà á tagbáratagbára.

"Ta nìyẹn? Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ o!"

Omidan kan ló jáde, adúmáadán, okùn aláǹtakùn bo irun rẹ̀, àkísà tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ń rì ni."

"Nínú omi tí kò dé orúnkún? Ẹ ṣeun o, ọ̀gbẹ́ni olùgbàlà!"

Adébùsọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọlọ́runṣògo n'Ìbàdàn. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn omi tí wọ́n ń pín fún àwọn olóko. Ó fi sẹ́ńsọ̀ kékeré tó so mọ́ òkè inú páìpù han Tìmílẹ́hìn.

"Ohùn tí etí wa ò lè gbọ́ ló fi ń ké sí omi. Bí ìdáhùn bá tètè padà dé, omi ti kún nìyẹn. Bó bá pẹ́, omi ti fà. Ibẹ̀ la ti ń mọ iye tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n bí aláǹtakùn bá ta okùn síwájú rẹ̀, okùn ni yóò dáhùn, ẹ̀rọ á wá máa parọ́."

"Bí èmi náà bá ké sí yín ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ fọwọ́ ná. Ó ń rùn bí ẹja."

Bí eré bí eré, kí òjò ọdún náà tó dá, "ẹ" ti di "ìwọ", ọ̀gbẹ́ni olùgbàlà sì ti di Tìmí mi.

Ẹ̀rùn dé, omi dínkù. Ẹ̀rọ Bùsọ́lá wá fi hàn pé adágún ẹja bàbá Tìmílẹ́hìn ń gbà ju ìpín rẹ̀ lọ, àwọn olóko ìsàlẹ̀ sì ń ráhùn. Bàbá náà, Olùkọ́ Rufus, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ọmọ yìí lo fẹ́ fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sọ fún un kó bá mi dín ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ kù. Bí kò bá ṣe é, kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi."

Tìmílẹ́hìn jíṣẹ́ náà, kò lè wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Bùsọ́lá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Tìmí mi, ìfẹ́ rẹ wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Àmọ́ bí mo bá parọ́ fún Bàbá lónìí, ìwọ gan-an ò ní gbà mí gbọ́ lọ́la. Jẹ́ ká ti ẹnu omi pa. Kí Bàbá fúnra wọn wá wọ̀n ọ́n."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti omi. Bùsọ́lá wọn àlàfo láti ojú sẹ́ńsọ̀ dé ìsàlẹ̀ páìpù gbígbẹ, ó mú ẹ̀rọ bá a dọ́gba. Wọ́n tú omi sílẹ̀. Olùkọ́ Rufus ki igi ìwọ̀n bọ omi níṣojú gbogbo olóko, ó wo ibi tó tutù dé, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Ohun tí ẹ̀rọ sọ náà nigi sọ: omi rẹ̀ ti ju ìpín lọ.

"Ìnṣì méjì péré!" ni bàbá ń kùn. "Ta ni yóò pa?"

Tìmílẹ́hìn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Bàbá, ẹ má bínú. Ní kíláàsì yín, máàkì méjì péré ló kù kí n yege. Màmá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ṣé ẹ fi kún un?"

Bàbá gbé igi ìwọ̀n kalẹ̀. "N kò fi kún un."

"Mo tún kíláàsì náà kà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo abúlé fi ń fi orúkọ yín búra. Ẹni tó jọ yín ni mo fẹ́ mú wálé."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àgbàlagbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ìdérí ẹnu omi adágún rẹ̀, ó dín in kù fúnra rẹ̀. "Ó tó àbí?"

"Kò tíì tó, sà," ni Bùsọ́lá dáhùn. "Ẹ tún yí i díẹ̀."

Adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro. Lẹ́yìn Àjíǹde, Olùkọ́ Rufus dìde nínú pálọ̀ àwọn òbí Bùsọ́lá l'Ọ́lọ́runṣògo, ó ṣí fìlà.

"Mo ti bẹ ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan rí, kò gbà fún mi. Inú mi dùn pé kò gbà. Mo tún ti dé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọkùnrin mi ní aya."

Bùsọ́lá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èyí tọ́, Bàbá mi. Mo gbà."

Orí Tìmílẹ́hìn wú.