Kì í Ṣe Èéfín Ló Ń Ṣe Músù

Ummu Kulthum ń kó igi lé ìkòkò lórí. Láti ìdájí ló ti to ìkòkò mẹ́rìnlélógójì jọ, ó fi koríko gbígbẹ dí àárín wọn, ó sì ń sáré kí oòrùn tó mú. Nígbà tó ṣáná sí i, èéfín gba gbogbo àgbàlá àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlele. Omi ń dà lójú rẹ̀. Kò dúró. Ó fi etí ìró nù ún, ó tún ń kó igi lọ.

Ọmọ ológbò kan tí kò tíì ju oṣù méjì lọ jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Músù lorúkọ rẹ̀. Omi ń dà lójú tirẹ̀ náà, imú rẹ̀ sì tutù fún ikun. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta.

Bilkisu, amọ̀kòkò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, pariwo láti ìdí amọ̀ tó ń gún: "Ìyá Ahmad, Músù ń sunkún o! Àbí ẹ nà án ni?"

"Ta ló lójú gbígbẹ nínú àgbàlá yìí? Òun náà ti di amọ̀kòkò nìyẹn."

"Kó wá bá mi gún amọ̀ nígbà náà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ummu Kulthum bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí ìró kan náà nu ojú Músù, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Bó ti ń fi Músù ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, kò fi ṣeré. Ọ̀kadà ló pa ìyá Músù lójú títì, ọmọ méjì ló sì fi sílẹ̀. Ummu Kulthum ló ń fi ṣíbí fún wọn ní mílíìkì títí wọ́n fi lè jẹ ẹja. Ó fún Abdulkadir oníresì ní Ọjà-Ọba ní ọ̀kan nítorí eku, ó fi èyí sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ahmad, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Bó bá ti ọjà dé, Músù nìkan ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Omi ojú Músù di ipin, ó ki bí ọyún. "Èéfín ni," ni wọ́n wí. Bilkisu mú oògùn ojú tó ṣẹ́kù wá, èyí tó lò nígbà tí Àpólò mú un, wọ́n sì kán an sí Músù lójú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. "Èéfín náà ni." Báyìí ni ọjọ́ ń ṣòfò, ẹnì kankan kò sì kà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Òjò ọ̀hún kò dá, wọn kò sì rí ìkòkò sun. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó lábẹ́ òrùlé, wọ́n ń fi òkúta dán ara ìkòkò tútù. Ummu Kulthum gbé ẹja síwájú Músù. Músù kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ipin ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa, ó sì ń fi ẹnu mí.

Ummu Kulthum gbójú sókè.

"Bilkisu, ojú rẹ gbẹ."

"Kí ni ì bá rẹ ẹ́? A ò dáná láti ọjọ́ Jímọ̀."

"Tèmi náà gbẹ."

Bilkisu wo Músù. Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ummu Kulthum fi aṣọ wé Músù, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn ẹran. Dókítà Fọlákẹ́, ọmọ Òmù-Àrán, ló bá níbẹ̀.

"Ìyá, ọjọ́ mélòó rèé?"

"Á tó ogún ọjọ́. Èéfín ni mo pè é."

Dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú Músù, ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń dún.

"Ìyá, omi tí èéfín ń fà máa ń mọ́ gaara, bí ẹran bá sì kúrò níbi èéfín, á dá. Ipin tó bá ki, tó ní àwọ̀, tó ń lẹ ojú pọ̀, àìsàn ni. Ọ̀fìnkìn ológbò lèyí. Bí imú ológbò bá dí, kì í gbóòórùn oúnjẹ, bí kò bá sì gbóòórùn rẹ̀, kì í jẹ ẹ́. Ọmọ kékeré báyìí kò lágbára à ń fi ebi sùn."

"Ojú ńkọ́?"

"Egbò ti jẹ ti òsì. Kí lẹ kán sí i?"

Ummu Kulthum tú ìgò oògùn náà láti etí ìró. Dókítà kà á, ó gbé e sórí tábìlì.

"Oògùn ènìyàn ni. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí irú egbò yìí jìn sí i."

"A ò mọ̀, dókítà."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, Ìyá. Òtútù àyà ti wọ̀ ọ́ báyìí. N ó ṣe ohun tí mo lè ṣe." Ó fún Músù lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó sì kọ́ Ummu Kulthum bí wọ́n ti ń nu ojú rẹ̀, bí wọ́n ti ń bọ́ ọ, àti irú oògùn ènìyàn tó ń pa ológbò. Lẹ́yìn náà ló bi í pé: "Ṣé ó ní ọmọ ìyá?"

"Ọ̀kan wà ní Ọjà-Ọba."

"Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti kó o lára ìyá wọn. Ẹ lọ wò ó."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, Músù gbé orí lé ọrùn ọwọ́ Ummu Kulthum. Kò gbé e kúrò mọ́.

Bilkisu ló gbẹ́ ilẹ̀. "Oògùn tí mo mú wá ni," ló ń wí ṣáá. "Wàláhì, oògùn mi ni."

"Ẹnu mi ló kọ́kọ́ pè é ní èéfín," ni Ummu Kulthum dáhùn. Ó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ kó má baà gbé àìsàn lọ bá èkejì, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà-Ọba.

Abdulkadir wà láàárín àpò ìrẹsì. "Ìyá Ahmad! Ẹ káàbọ̀. Ológbò yín ti lé gbogbo eku kúrò ní ìsọ̀ mi."

Ummu Kulthum ti rí ọmọ ológbò náà lẹ́bàá àpò kan, ipin wà lójú rẹ̀. "Kí ló ṣe é lójú?"

"Eruku ìrẹsì ni. Èmi náà kúkú ń sín. Mo ti ní kí n fún un ní ààbọ̀ parasítámọ̀ lónìí."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò!" Àwọn oníbàárà yíjú padà. "Parasítámọ̀ ń pa ológbò. Ààbọ̀ náà tó láti pa á. Ọjọ́ mélòó ni ojú rẹ̀ ti rí báyìí?"

"Mẹ́rin."

"Ó ń jẹun?"

"Ó jẹ díẹ̀ láàárọ̀."

"Àsìkò ṣì wà fún tìrẹ. Ogún ọjọ́ ni mo fi jáfara lórí tèmi. Ibi tí mo sin ín sí ni mo ti ń bọ̀ yìí."

Abdulkadir ṣí fìlà. "Ínnà lílláhì. Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, èyí tó ti hó tẹ́lẹ̀. Fi iyọ̀ bíńtín sí i."

Ó mú òwú jáde nínú báàgì, ó di ọmọ ológbò náà mú láàárín itan rẹ̀. Ohun tó ń sọ bó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí, kí ẹni tó bá ń sin ológbò gbọ́ ọ:

"Òwú kan fún ojú kan, má fi èyí tó o fi nu ọ̀tún kan òsì. Láti ìdí imú lo ó ti nù ún lọ síta. Sọ òwú náà nù, má tọ́jú u. Nu imú rẹ̀ kó lè mí. Fún un ní ẹja tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń ta sánsán. Gbé e kúrò nínú eruku àti èéfín, ṣùgbọ́n má fi wọ́n ṣe àwáwí. Má jẹ́ kó bá ológbò mìíràn jẹ nínú abọ́ kan. Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ. Má fún un ní oògùn ènìyàn, ìbáà ṣe ti ojú, ìbáà ṣe èyí tí à ń gbé mì. Bí ipin bá ki, tàbí tí ọjọ́ méjì kọjá tí kò dá, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí kò bá ti jẹun, ọjọ́ náà gan-an ni kó o lọ. Oògùn tí wọ́n bá fún un, lò ó tán, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ti mọ́. Bó bá yá, bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára ológbò."

"N ó gbé e lọ lọ́la, Ìyá."

"Ilé ìwòsàn ẹran ò tíì tilẹ̀kùn lónìí."

Abdulkadir wo ìsọ̀ rẹ̀, ó wo àwọn oníbàárà. Ó na ọwọ́ mú agbọ̀n kan, ó da ohun inú rẹ̀ nù, ó tẹ́ aṣọ sí i.

Ojú ọmọ ológbò náà ti là, méjèèjì. Ó ń wo Ummu Kulthum. Ummu Kulthum gbé e sínú agbọ̀n, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó tún ìró rẹ̀ so, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.