Orúnkún Tí Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Òórùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ó dà bí òórùn ẹja tútù tí ènìyàn gbàgbé sínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì Mọṣebọ́látán kígbe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní Ilé Orúnkún, ilé ìwòsàn kan ní ìlú Òkè-Ọ̀gán. Nọ́ọ̀sì yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kúnlẹ̀ láti kí obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún là bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Omi kan tó ní àwọ̀ ewé, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ṣàn jáde. Ohun tó tẹ̀ lé omi náà ló burú jù. Ẹran pupa kékeré kan yọ́ jáde, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín tó ń wá ibi tí yóò sá sí. Ọ̀gá obìnrin náà, tó ti rí ẹ̀jẹ̀ fún ogójì ọdún, bì sórí aṣọ ara rẹ̀.

Àkókò tí ìtàn yìí ń sọ kò tíì dé. Nígbà tí ó bá dé, àwọn ọmọ Yorùbá yóò ti tẹ ìletò dó sínú òṣùpá, ọpọlọ-ẹ̀rọ ni yóò sì máa tọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ Òkè-Ọ̀gán sí, ilé lórí ilé, tó fi jọ ọ̀gán tí ikán mọ. Ààfin ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Àpótí agbéniròkè wà káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ sọ pé ẹsẹ̀ ni ènìyàn gbọdọ̀ fi gun ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún àtẹ̀gùn tó lọ sí ààfin. Nítorí náà, kò sí àrùn tó yọ ìlú náà lẹ́nu tó làkúrègbé. Kí ènìyàn tó pé àádọ́ta ọdún, kérékéré, egungun rírọ̀ inú orúnkún rẹ̀, yóò ti jẹ tán, egungun yóò sì máa ha egungun.

Ní ayé àtijọ́, irin àti ike ni wọ́n fi ń pààrọ̀ irú orúnkún bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn á gé orí egungun itan àti ti ojúgun, á fi irin bò wọ́n, á sì fi ike sí àárín. Ó wúlò púpọ̀. Ẹni tí kò lè dé ilé ìyàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ á tún máa lọ sí oko. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kòkòrò àrùn lè wọ ojú ọgbẹ́, irin náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́yìn ogún ọdún. Àwọn oníṣègùn a máa sọ gbogbo èyí fún aláìsàn kí wọ́n tó gbé abẹ.

Dókítà Fìjàbí, oníṣègùn Ilé Orúnkún, ní òun ti borí gbogbo ewu wọ̀nyí. Ó bu ẹran díẹ̀ lára aláìsàn, ó fi í sínú ìkòkò ìhù-ẹran fún oṣù méjì, ó sì hù di orúnkún ààyè. Orúnkún náà ń mí, ó ń jẹun láti inú ara ẹni tó ni ín, ibi tó bá sì jẹ lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á tún un ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, aláìsàn ti ń rìn. Fún ọdún méjì, Fìjàbí dán an wò lára àádọ́rùn-ún àgbàlagbà, kò sì sí èyí tó kéré sí ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nínú wọn. Ọpọlọ-ẹ̀rọ ka gbogbo ìṣísẹ̀ wọn. Kò sí ìrora, kò sí wíwú. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọge.

Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí kò lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ní Òkè-Ọ̀gán, ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Òun ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Nínú mọ́ṣáláṣí àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orí àga ni àwọn àgbà ti ń gbàdúrà láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn wọ́n, nígbà tí ara sì yá, kò sí ẹni tó rántí dìde lórí àga. Báyìí ni àádọ́rùn-ún ènìyàn ṣe lo orúnkún fún ọdún méjì láìkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mọṣebọ́látán nìkan ni ọ̀dọ́ tó gba irú rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Fìjàbí ti ilẹ̀kùn, ó fi ṣíbí kó ẹran tó ń wọ́ náà sínú abọ́, ó sì dé e.

“Ìgbà mélòó lo ń kúnlẹ̀ lóòjọ́?” ni ó bi nọ́ọ̀sì náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò kà á rí. Á tó ọgbọ̀n. Àwọn àgbà pọ̀ níbí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti oṣù mẹ́ta tí ẹ ti fi í sí mi lára.”

“Ṣé o rí i? Ìwọ lo lò ó ní ìlòkulò. Àgbàlagbà ni mo ṣe é fún.”

Ọkùnrin tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí láti ọjọ́ tó ti di dókítà ló pe ìkúnlẹ̀ ní ìlòkulò. Ó ní kí wọ́n gé ẹran tó kù kúrò, ó fi ọ̀pá irin gbọọrọ so egungun ẹsẹ̀ náà pọ̀ kí ó lè nà gbọnrangandan, ó sì fi ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú òkèèrè. Ìwé tí ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kọ nípa ọ̀rọ̀ náà, inú àpótí ara rẹ̀ ni Fìjàbí tì í mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n kéde ọjọ́ ìwúyè ọba tuntun. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn àlejò yóò wá láti inú òṣùpá, ìgbìmọ̀ ìlú sì fẹ́ kí àádọ́rùn-ún àgbà náà gòkè níwájú wọn láìfọwọ́ ti ọ̀pá. Nínú ìpàdé, Dókítà àgbà Ládèjọbí na ọwọ́ sókè. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó ti pa iṣẹ́ abẹ tì tipẹ́, orúnkún onírin sì ni tirẹ̀ méjèèjì.

“Fìjàbí, ọmọ mi, lọ́jọ́ ìwúyè, gbogbo wa ni a ó kúnlẹ̀ fún ọba, àtọmọdé àtarúgbó. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ dandan fún àgbà nìyẹn. Ta ló ti kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ yìí rí?”

“Bàbá, orúnkún yìí ti gun àtẹ̀gùn tí ẹ̀rọ kà títí tó fi rẹ̀ ẹ́.”

“Mi ò béèrè àtẹ̀gùn. Ewúrẹ́ náà ń gun àtẹ̀gùn.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ojú Fìjàbí le.

“Ẹ má bínú, Bàbá, ìgbà yín ti lọ. Bí ẹ bá ń gòkè, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.”

“Òótọ́ ni, ó ń dún. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi í sí mi lára jókòó tì mí kó tó gbé abẹ. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ lè kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù, ṣùgbọ́n yóò máa ro yín, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀.’ Ó sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ fún mi. Ibo ni tìrẹ mọ?”

“Kò ní ibi tó mọ.”

“Hẹn! Ọlọ́run nìkan ni mo gbọ́ pé ó ń ṣe irú ìyẹn.”

Ìyálóde Àwẹ̀ró, tó jókòó lápá ọ̀tún, fi ọwọ́ dá wọn dúró. Òun ni ìyá Fìjàbí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba orúnkún ààyè ní ẹsẹ̀ méjèèjì, kí àwọn yòókù má baà bẹ̀rù. “Bàbá Ládèjọbí, ẹ rọra fi ọmọ mi sílẹ̀,” ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

“Àkànjí, wò mí lójú. Ṣé mo lè kúnlẹ̀?”

Fìjàbí wo ìyá rẹ̀ lójú. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán nínú: ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́ fún oṣù mẹ́ta ló fọ́ ti nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan. Bí ó bá sọ òtítọ́, àwọn ará òṣùpá kò ní wá wò ó, wọn kò sì ní fi orúkọ rẹ̀ pe orúnkún náà.

“Màámi, ẹ lè ṣe ohunkóhun,” ni ó wí.

Ohun ìríra ni irọ́ tí ènìyàn pa fún ọ̀tá rẹ̀. Orúkọ wo ni a ó wá pe èyí tó pa fún obìnrin tó bí i?

Ọ̀sán gangan ọjọ́ ìwúyè ni àwọn àgbà gun àtẹ̀gùn náà. Ìlú hó yèè. Baba arúgbó kan tilẹ̀ yí padà ní ìdajì ọ̀nà, ó sì ń fi àwọn ọ̀dọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mú, ṣé kí n pọ̀n yín ni?” Ìyálóde ló ṣáájú gbogbo wọn, gèlè rẹ̀ kò yẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú ọba tuntun, akéde ké, gbogbo ìlú sì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí òkúta.

Ìró kan dún bí ìgbà tí ènìyàn tẹ tòmátì tó ti jẹrà mọ́lẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, àti òmíràn. Orúnkún ọmọ ọdún méjì kò rí bí ti nọ́ọ̀sì, ó ti sanra, ó ti kún. Omi aláwọ̀ ewé náà tú jáde lábẹ́ ìró àti ṣòkòtò, ó ṣàn láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn. Àwọn ẹran náà bọ́ jáde, wọ́n rọ̀ mọ́ òkúta gbígbóná, wọ́n ń wọ́ lọ síbi tí òjìji wà. Òórùn náà lé àwọn àlejò sẹ́yìn, ọba fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ bo imú. Láàárín gbogbo èyí, Ìyálóde ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí kò lè dìde. Kò kígbe. Ó ń wo ohun tó ń jáde lára rẹ̀ bí ẹni tó rí ìdin nínú oúnjẹ tó ti jẹ dé ìdajì.

Orúnkún ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló bẹ́ lọ́jọ́ náà. Kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹni mọ́kàndínlógún sì kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ládèjọbí tún wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ tó ti ká sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé òun yóò fọ ojú ọgbẹ́ àwọn yòókù mọ́, kí òun sì fi orúnkún onírin sí wọn lára. Nígbà tó la ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó dúró, ó pe àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ pé kí wọ́n wá wò ó. Orí egungun itan ti rọ̀ bí búrẹ́dì inú omi. Ìka lásán ló fi ń bù ú. Nígbà náà ni wọ́n mọ ohun tí orúnkún ààyè ń jẹ. Fún ọdún méjì tí ọpọlọ-ẹ̀rọ ń kà pé kò sí ìrora, egungun àwọn arúgbó náà ni ó ń jẹ, ìdí sì nìyí tí kò fi gbó. Kò sí ibi tí irin yóò jókòó lé mọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn láti itan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn mẹ́fà tí tiwọn kò tíì bẹ́.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kò lè sùn mọ́. Ó lọ sọ ti Mọṣebọ́látán níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sì já àpótí Fìjàbí, wọ́n rí ìwé náà. Àwọn kan ṣì fẹ́ gbè é. Wọ́n ní ọmọ ọ̀mọ̀wé ni, wọ́n ní àṣìṣe ni. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n gbé Ìyálóde wá.

Àga onítáyà ni wọ́n fi gbé e wọlé, wọ́n fi aṣọ òfì bo itan rẹ̀. Fìjàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. “Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Ó mọ ohun tó ń béèrè. Àṣà ìlú náà ni pé bí ìyá arúfin bá kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, wọn kì í rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn.

Olórí ìgbìmọ̀ rọra sọ̀rọ̀. “Ìyálóde, ǹjẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Mo béèrè. Gbogbo yín ló wà níbẹ̀. Ó ní mo lè ṣe ohunkóhun.”

“Ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un?”

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì ká aṣọ òfì náà kúrò lórí itan rẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ parí sí.

“Ìyá ni mí,” ni ó wí. “Ká ní mo ní orúnkún ni, ǹ bá ti kúnlẹ̀ kí ẹ tó pè mí. Ǹ bá sunkún, ǹ bá gbé ọmú tí mo fi tọ́ ọ dání bẹ̀ yín, ẹ̀ bá sì tú u sílẹ̀, ẹni mọ́kàndínlógún ì bá sì kú gbé. Mo mọ ara mi. Ǹ bá ṣe é. Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan tí mo lè fi bẹ̀ yín sílẹ̀ fún mi.”

Ó wo ọmọ rẹ̀ tó nà gbalaja sílẹ̀.

“Ẹ ka ìdájọ́ yín.”

Wọ́n kà á.