Kámẹ́rà Elétí

Ìjà ni wọ́n fi pàdé, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà àlòkù.

Olùkọ́ wọn ló so wọ́n pọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì dáwó ra kámẹ́rà kan, kí wọ́n fi ya fíìmù nípa ìgbésí ayé ẹnì kan. Olùdarí ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọkùnrin náà, nítorí pé kó tó ya àwòrán kan ṣoṣo láyé ló ti ń wọ awò dúdú nínú ilé. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin tí wọ́n so mọ́ ọn ti gbá kámẹ́rà kékeré kan mọ́ra.

"Èyí ni ká rà. Owó wa ká a. Ó ní ihò máìkì, ó ní ihò íápíìsì. Ohùn èèyàn á já gaara."

Olùdarí wo kámẹ́rà náà bí ẹni wo ọmọ ológbò tí òjò pa. Lára èyí tó wà lókè pẹpẹ, tó tóbi bí ìkòkò, lojú rẹ̀ wà. Kò ní ihò kankan, ṣùgbọ́n ó ń dán.

"Àbúrò, ta ní ń fi etí wo fíìmù? Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Etí la sì fi ń gbọ́ ọ."

Alálòkù bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fi tòkè yẹn sílẹ̀. Ẹwà ẹni tó gbé e nìkan ló mọ̀, kì í gbọ́ ohùn ẹlòmíì."

Wọ́n ra kékeré. Olùdarí fi orúkọ gbẹ̀san: Elétí-ehoro ló sọ ọmọbìnrin náà. Kò pẹ́ tí orúkọ yẹn fi di ohun tó ń sọ jẹ́jẹ́, "Elétí-ehoro mi, oyin mi." Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ràn jù ú lọ.

"Tá a bá ti fi fíìmù yìí hàn tán," ó wí, "màá kó àwọn ẹbí mi wá sílé yín."

Ọmọbìnrin náà sọ fún bàbá rẹ̀, bírìkìlà. Bàbá lọ ra bàtà tuntun dè wọ́n.

Màmá Olùdarí, àgbà agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù. Elétí-ehoro há máìkì kékeré tí kò lókùn mọ́ ọn lọ́rùn aṣọ, ó ki íápíìsì bọ etí ara rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, òùngbẹ gbẹ màmá. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò sẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó rántí máìkì.

"Ọmọ ta nìyẹn?"

"Ọmọ bírìkìlà ni, Màmá."

"Bírìkìlà! Èmi tí mo gbẹ̀bí ìyàwó adájọ́! Ṣé apo-sìmẹ́ńtì ni n ó máa pè ní àna?"

Olùdarí wá ẹ̀rín tó bá awò dúdú rẹ̀ mu, ó rín in. "Ta ló sọ̀rọ̀ ìyàwó? Agbébáàgì mi ni. Tí fíìmù bá ti parí, òun náà parí nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n padà sí pálọ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó tún máìkì ṣe lọ́rùn màmá. "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ, mà." Láti ọjọ́ náà, kò dáhùn sí Elétí-ehoro mọ́. Olùdarí rò pé iṣẹ́ ló sú u.

Fíìmù náà gba oríyìn. Olùkọ́ yin ohùn rẹ̀ ju àwòrán lọ. Màmá gbọ́, ọkàn rẹ̀ rọ̀: ọmọ tí olùkọ́ ń yìn kì í ṣe ọmọ bírìkìlà lásán mọ́. Olùdarí sáré dé yàrá tí wọ́n ti ń to fíìmù.

"Oyin mi, Màmá ti gbà! Ọjọ́ wo ni ká wá?"

Ọmọbìnrin náà fa àga fún un. Ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́ létí méjèèjì, ó tẹ bọ́tìnnì.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ti Olùdarí kò fọ́. Odindi ló wà nínú káàdì kámẹ́rà, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ íápíìsì létí.

"Ṣé ó já gaara?"

Kò rí irọ́ kankan pa. "Ó já gaara."

"Mo wí fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù." Ó gbé kámẹ́rà kékeré náà lé e nítan, ó sì mú báàgì tirẹ̀ nìkan.

"Dúró, jọ̀ọ́. Bàbá ńkọ́? Ẹni tó ti ń retí wa?"

"Kò retí yín mọ́. Bàtà tó rà dè yín, ó ti ń fi po sìmẹ́ńtì."